Àpótí Tó Gbé Òrùka Mì

Àpótí náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Igi dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ń dán bí ìkarahun ìgbín tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, àrán pupa ni wọ́n sì fi tẹ́ inú rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbéminíyì yọ ọ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé e ka orí tábìlì ìjẹun Ìyáàfin Títíloyè Ṣọlápé, ó wá sún sẹ́yìn bí ẹni tó gbé ejò kalẹ̀.

"Màmá," ó ní, "òrùka wúrà ìyá kan wọ inú nǹkan yìí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Títí di ìsinsìnyí, kò jáde."

Ìyáàfin Títíloyè kò fọwọ́ kàn án. Wíwò ló kọ́kọ́ ń wò ó. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Ọyẹ́ ti bo gbogbo Oregbeni ní ìlú Benin láti àárọ̀. Ojú fèrèsé rẹ̀ tí ènìyàn ti máa ń rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ikpoba títí dé ìsàlẹ̀ odò ti funfun báláú, ìró ọkọ̀ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bí ìró tí ènìyàn ń gbọ́ lójú oorun. Ní irú ọjọ́ báyìí, ó máa ń ṣe é bíi pé inú àlá ẹlòmíràn ni òun ń gbé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi tọ́jú yàrá àyẹ̀wò físíìsì ní yunifásítì kan nínú ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì. Màmá Láàbù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti fi ìyẹ̀fun díẹ̀ tó wà lẹ́nu kọ́kọ́rọ́ mọ ẹni tó jí yàrá ìdánwò ṣí ni àwọn ọlọ́pàá ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Gbéminíyì ló sì ń wá jù. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, Benin ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá àti Píjìn sì máa ń jà lẹ́nu rẹ̀.

"Jókòó," Ìyáàfin Títíloyè ní. "Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Gbéminíyì jókòó, ó sì rò ó. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ìdúpẹ́ òpin ọdún nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní àdúgbò Ogida. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí Jayéọlá Àkànní wá dá àwọn lára yá. Onídán ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kì í ṣe irú àwọn tó ń gé ènìyàn sí méjì lórí pèpéle. Tábìlì dé tábìlì ló máa ń rìn. Yóò jókòó tì ọ́, yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, idán yóò sì ṣẹlẹ̀ lábẹ́ imú rẹ. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkànní" ló kọ sára káàdì tó ń pín kiri, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tòótọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Fúnkẹ́, opó kan tó ń gbé lẹ́bàá ìjọ náà, ó tọrọ òrùka ọwọ́ rẹ̀. Òrùka tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fi gbé e níyàwó ni. Baba fi òrùka sínú àpótí, ó pa á dé, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin kan tó jókòó tì wọ́n, Ayọ̀túndé, olùkọ́ yunifásítì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n ṣí i, ó ṣófo. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó tún pa á dé, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kejì kí òrùka lè padà wá. Wọ́n ṣí i. Ó ṣì ṣófo.

"Wọ́n tún pàtẹ́wọ́," Gbéminíyì ní. "Wọ́n rò pé ara eré ni. Baba gbìyànjú títí, e blow am tire. Ìgbà tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé wàhálà ti dé."

"Kí ni òun fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní òun ò jí i. A ní kó ṣàlàyé bí àpótí ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní òun ti búra fún ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta pé ẹ̀dá kan ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. A fẹ́ fọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Ojú tì mí. Mo bá bẹ ọ̀gá mi kí n kọ́kọ́ gbé e wá fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé wọ́n máa gbé baba lọ sí kóòtù. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i."

Ó tún fi ọwọ́ bọ àpò, ó mú nǹkan kékeré kan jáde. Àtàǹpàkò rọ́bà ni, aláwọ̀ ara ènìyàn, tí inú rẹ̀ ṣófo.

"Àpò baba la ti rí èyí. Màmá, èmi rò pé ibí ló wà. Ó fi òrùka síbí, ó fi ìka bọ̀ ọ́, ó sì lọ jù ú fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bóyá Ayọ̀túndé yẹn."

Ìyáàfin Títíloyè bọ́ òrùka ọwọ́ ara rẹ̀, ó jù ú sínú àtàǹpàkò rọ́bà náà, ó wá ní kí Gbéminíyì ki ìka bọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni ti ìka, ó ti í títí. Rọ́bà náà wú gọngọ bí ọrùn ejò tó gbé ẹyin mì, kò sì wọlé ju ìdajì lọ.

"Bébà tàbí áńkáṣífù pẹlẹbẹ ló lè fara pamọ́ síbẹ̀," obìnrin náà ní. "Òrùka kọ́. Ẹni tó bá fi èyí gbé òrùka, gbogbo gbọ̀ngàn ló máa rí i. Ṣé ẹnikẹ́ni ya fídíò?"

Ìyàwó Ayọ̀túndé ló yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ìyáàfin Títíloyè wò ó lórí fóònù ìnsípẹ́kítọ̀. Òrùka já sínú àpótí, ó hàn kedere. Ọwọ́ baba kò tún kan inú rẹ̀ mọ́. Ó kàn rọra dẹ àpótí náà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn, ó wá gbé e fún Ayọ̀túndé. Láti ìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ Ayọ̀túndé wà ní gbangba. Kò ká ìka pọ̀, kò mú ọwọ́ kúrò lójú fóònù.

"Ó wọlé," Ìyáàfin Títíloyè ní. "Kò sì sí ọ̀nà tó gbà jáde. Gbéminíyì, òrùka yẹn wà lórí tábìlì yìí."

Ọ̀gbẹ́ni fò dìde. "A gbọ̀n ọ́n, Màmá! Gbogbo wa la gbọ̀n ọ́n! Kò dún rárá."

"Ohun tí kò dún kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ọmọ tó bá di ìyá rẹ̀ mú dáadáa kì í já bọ́ lẹ́yìn."

Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi wọn gígùn àpótí láti òde, ó ṣẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó fa òmíràn, ó fi wọn inú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ṣẹ́ ìyẹn náà. Ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wọn òde gùn ju ti inú lọ ní fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò, ògiri àpótí náà sì fẹ́lẹ́ bíi páálí. Lẹ́yìn náà ló so abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́ òwú, ó rọ̀ ọ́ sókè, ó sì ń gbé e yí àpótí ká. Abẹ́rẹ́ náà ń mì jẹ́jẹ́, kò náání ẹnikẹ́ni. Ó dé ẹ̀yìn àpótí, ló bá fò lẹ̀ mọ́ igi pìn-ìn.

"Òòfà," obìnrin náà wí fún ara rẹ̀. "Yàrá kan wà lẹ́yìn ògiri, òòfà ló sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ nígbà náà!"

"Fún kí ni? Ibi tó wà kọ́ ló ń dùn mí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí baba yẹn ti ń fi àpótí yìí gba òrùka, tó sì ń dá a padà. Kí ló dé tí òrùka kan ṣoṣo yìí fi kọ̀ tí kò jáde? Padà wá lọ́la. Jẹ́ kí n sùn lé e lórí."

Kò sì ṣe àwàdà. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ lọ, ó fara ti àga onírọ̀gbọ̀kú tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ sì wúwo. Ọyẹ́ ń gba ojú àwọ̀n wọlé. Ó rí i pé òun ń rìn nínú yàrá kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àrán pupa, tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí èéhù koríko. Òrùka kan ń gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Òrùka náà ní òun fẹ́ sọ̀, ṣùgbọ́n ẹbí òun ló di òun mú. Ó bi í pé ẹbí wo? Òrùka kò fèsì. Ó kàn ń gùn lọ.

Nígbà tó lajú, oòrùn ti di ẹyọ ọsàn kan nínú ìkùukùu, ọ̀rọ̀ kan sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun jí: "Wúrà àti òòfà kì í ṣe ẹbí."

* * *

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyáàfin Títíloyè tú rédíò àtijọ́ kan, ó yọ òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rẹ̀, ó fi gèlè wé e, ó jù ú sínú báàgì, ó sì tẹ̀lé Gbéminíyì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n mú Baba Àkànní wá sí yàrá kékeré kan. Ó tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan bí ẹni tó ń tọ́jú ẹyẹ aláìsàn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Baba," obìnrin náà ní. "Mi ò wá bi yín léèrè àṣírí. Èmi ni mo fẹ́ sọ tèmi. Ẹ má sọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣì í, kí ẹ mi orí."

Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí nípa yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri. Baba kò mi orí. Ó sọ nípa ilẹ̀kùn tó ń ṣí nígbà tí wọ́n bá dẹ àpótí sẹ́yìn, àti òòfà tó ń pa á dé. Baba kò mi orí, ṣùgbọ́n omi ti gba ojú rẹ̀.

"Ẹ kò sọ fún un, àbí?" Baba wí lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń wo Gbéminíyì.

"Mi ò sọ gbogbo rẹ̀. Baba, kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ló kú," ó ní. "Kí tún ni? Láti ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti dijú, mo máa ń rí ọwọ́ mi méjèèjì tí wọ́n ń rìn lọ lójú títì láìsí mi. Mo ń pè wọ́n, wọn ò wẹ̀yìn."

"Ọwọ́ yín kò kú. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ ìbéèrè kan. Nígbà tí ọ̀gá yín fi àpótí yìí lé yín lọ́wọ́, irú òrùka wo ló ní kí ẹ má ṣe fi síbẹ̀ láé?"

Baba gbé ojú sókè. "Irin. Ṣùgbọ́n mo bi ìyá yẹn. Mo máa ń bi wọ́n. Ó ní wúrà ni. Ó tiẹ̀ bínú pé mo bèèrè."

Ìyáàfin Títíloyè tú gèlè, ó gbé òòfà sípíkà náà ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. "Èyí lágbára ju ti inú rẹ̀ lọ. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbé e sí. Gbéminíyì, kọjú sí ògiri. Èmi náà á kọjú síbẹ̀."

"Màmá, police no dey—"

"Kọjú síbẹ̀!"

Àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí igi ń ha igi. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń sún jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan kékeré kan ró kọ́ lórí tábìlì, Baba Àkànní sì pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Òrùka náà rèé, ó ń dán, ó tẹ́jú láìní iṣẹ́ ọnà kankan lára. Gbéminíyì fẹ́ mú un, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Títíloyè ti òòfà sípíkà náà sún mọ́ ọn díẹ̀. Òrùka sáré kọjá lórí tábìlì, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Omi wúrà ni wọ́n fi kùn ún," obìnrin náà ní. "Irin ni."

Gbéminíyì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́ lójijì. "Màmá, ẹ ti dá kún wàhálà baba o. Ìwé ẹ̀sùn sọ pé wúrà ló wọlé. Irin ló jáde. Ọ̀gá mi máa ní baba ló pààrọ̀ ẹ̀."

"Onídán tó mọ̀ pé àpótí òun kì í da irin padà, ṣé irin ló máa wá fi pààrọ̀?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọ̀gá. Bí mi ò bá rí ojúlówó wúrà, ọjọ́ Ajé ò yẹ̀."

Baba Àkànní kò gbọ́ gbogbo èyí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń na ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ilé Ìyá Fúnkẹ́ kò jìnnà sí gbọ̀ngàn ìjọ náà. Ọmọ rẹ̀, Ọláfúnkẹ́, ló ṣílẹ̀kùn fún Ìyáàfin Títíloyè. Kò tíì pé oṣù méjì tó ṣègbéyàwó. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé náà títí wọn yóò fi rí ibòmíràn. Ó bu omi tútù wá, ó kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sì tàn yẹ́rẹ́ lẹ́bàá ife: ewé kéékèèké méjì tó fẹnu ko ẹnu.

Ìyáàfin Títíloyè kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òrùka ti jáde. Ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Gbéminíyì, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìka yín, mà."

Ìyá Fúnkẹ́ na ọwọ́ òsì. Ní ìdí ìka tí òrùka ti kúrò, ara rẹ̀ dúdú yíká bí ẹni tí wọ́n fi èédú kọlà fún, awọ rẹ̀ sì ti bó. Ó ti fi òrí pa á.

"Ó máa ń yún yín?"

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bàbá Fúnkẹ́ ni. Láti bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń fà mí níka. Bí mo bá sùn, màá rí wọn létí odò kan, wọ́n di ìka yìí mú, ẹnu wọn ń mì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí mo bá jí, ibẹ̀ á máa yún mí bí iná. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Ìdí nìyẹn tí òrùka yẹn fi ń dùn mí. Ẹnu ọ̀nà wọn ni."

Ìyáàfin Títíloyè kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀. "Ọdún mélòó lẹ ti ń wọ̀ ọ́?"

"Ọdún mọ́kàndínlógójì."

"Kò sì yún yín rí, àfi oṣù mẹ́ta yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí òrùka náà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?"

"Kò sí nǹkan kan. Oríkèé ìka mi wú, ó ń há mi. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ fẹ̀ lọ́dọ̀ Pa Omoregbe, alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà l'Áduwawa. Akínfẹ́mi ló bá mi gbé e lọ, kó tó di ọkọ Fúnkẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ọjọ́ kẹta ló gbé e padà."

Fúnkẹ́, tó fara ti ilẹ̀kùn, mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dénú, ṣùgbọ́n Benin ló ti dàgbà, ohun tó rọ̀ ọ́ lẹ́nu ló máa ń sọ. "Mama, abeg leave this ring matter. E don go, e don go. Even Akin talk say make we leave am. Since Sunday na im e dey sleep well sef. Before, e go just sidon for bed dey look wall."

"Láti ọjọ́ Àìkú?" Ìyáàfin Títíloyè béèrè.

"Yes ma. As if person carry load comot for him head."

Obìnrin náà mu omi rẹ̀ tán, ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ojú pópó, ó dúró díẹ̀ nínú eruku ọyẹ́ tó ń fò. Ohun ìní sọnù nínú ilé, onílé ń sunkún, àna ilé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn. Kò fẹ́ kó jẹ́ àna náà ló ṣe é. Alágbẹ̀dẹ náà lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pe Gbéminíyì.

"Gbé ọkọ̀ rẹ wá. Aduwawa là ń lọ."

* * *

Ọmọ Ẹdó ni Pa Omoregbe, ṣùgbọ́n Iléṣà ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́, Yorùbá rẹ̀ sì dùn létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Ẹdó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìta ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Auchi ń kígbe pe èrò lóde, inú ibẹ̀ sì dákẹ́, àfi iná kékeré tó ń mí fín-ín.

"Baba, ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé òrùka wúrà wá fún yín ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pé kí ẹ bá òun fẹ̀ ẹ́?"

"Kí n fẹ̀ ẹ́?" Bàbá arúgbó náà mi orí. "Ẹnì kan ò gbé òrùka wá pé kí n fẹ̀ ẹ́ lọ́dún yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, tíṣà ni. Ó ní kí n yọ́ òrùka tó gbé wá, kí n fi ṣe èyí tó kéré sí i fún ìyàwó tó fẹ́ fẹ́. Mo bi í pé ti ta ni wúrà yìí? Torí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, èmi ni mo ṣe òrùka yẹn láyé ọjọ́un. Ó ní ìyá ìyàwó ló fà á kalẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ìyá rere nìyẹn."

Gbéminíyì ti ń wo ilẹ̀.

"Báwo ni èyí tí ẹ ṣe fún un ṣe rí?"

Pa Omoregbe fi ìka hàn wọ́n lára ògiri, láàárín àwọn àwòrán mìíràn tó ti fi ṣọ́ọ̀kì yà síbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbàgbé. Ewé kéékèèké méjì ni. Wọ́n fẹnu ko ẹnu.

* * *

Akínfẹ́mi ti dé nígbà tí Ìyáàfin Títíloyè padà sí Ogida ní ìrọ̀lẹ́. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbéminíyì dúró lẹ́nu géètì. Nínú pálọ̀, Ìyá Fúnkẹ́ jókòó sórí àga, Fúnkẹ́ jókòó sórí apá àga náà.

"Akínfẹ́mi, ta lo gbé òrùka ìyá ìyàwó rẹ lọ fún?"

"Pa Omoregbe ni mà."

"Kí lo ní kó ṣe sí i?"

"Kó fẹ̀ ẹ́ ni mà."

"Ó sì fẹ̀ ẹ́?"

"Ó fẹ̀ ẹ́ mà."

Ìyáàfin Títíloyè mú òrùka jáde nínú báàgì. Ìyá Fúnkẹ́ kígbe, ó na ọwọ́, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Títíloyè fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Ó gbé òrùka sórí tábìlì, ó gbé òòfà sí apá kejì, ó ń rọra ti í bọ̀. Òrùka náà mì. Ó yí díẹ̀. Ó sáré.

"Wúrà kì í sáré, ọmọ mi," ó ní.

Òógùn bo iwájú orí Akínfẹ́mi. "Bóyá… bóyá alágbẹ̀dẹ yẹn ló pààrọ̀ ẹ̀ mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá a lọ́sàn-án yìí. Ó fi àwòrán ewé méjì hàn mí lára ògiri."

Akínfẹ́mi kò wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ojú rẹ̀ ṣí lọ, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì lọ, kó tó lè dá a dúró. Gbogbo wọn tẹ̀lé ojú náà. Fúnkẹ́ gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ọwọ́ àlejò.

"Akin?"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún Fúnkẹ́ pé wúrà lòun máa fi gbé e, Fúnkẹ́ sì ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó ń sún mọ́lé, òun kò sì ní ohun tóun lè fi rà á. Nígbà tí Màmá fi òrùka lé òun lọ́wọ́, ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló ju okùn sí òun nínú kànga. Òun ra irin tí wọ́n fi omi wúrà kùn lọ́jà fi dípò rẹ̀, òun sì rò pé òun máa tètè ra ojúlówó dá padà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ tí Màmá bá gbé ọwọ́ yẹn lé òun lórí kó súre fún òun, òun kì í lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìgbà tí àpótí yẹn gbé e mì, mo dúpẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo dúpẹ́. Mo ní ó ti parí. Mi ò ro ti baba yẹn rárá."

"Ọjọ́ mẹ́fà ni baba yẹn ti ń sun orí sìmẹ́ǹtì," Ìyáàfin Títíloyè ní.

Ìyá Fúnkẹ́ ń fi àtàǹpàkò pa ibi tó dúdú ní ìka rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà ní yàrá mìíràn ló rí. "Kì í wá ṣe Bàbá Fúnkẹ́ ló ń fà mí níka, àbí? Irin lásán ni."

Fúnkẹ́ bọ́ òrùka ewé méjì náà. Ó há díẹ̀ ní oríkèé kó tó jáde. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá mú un, ó gbìyànjú kó fi sí ìka. Kò kọjá oríkèé àkọ́kọ́. Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó sún un sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Wúrà bàbá ẹ ni. Bóo bá fẹ́ kí o wọ̀ ọ́, bóo bá fẹ́ kí o má wọ̀ ọ́. Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Fúnkẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó la ẹnu, Yorùbá ló sọ, Yorùbá ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ṣebí pẹ̀lú ìka òfìfo ni mo pàdé ẹ. Ǹ bá fi ìka òfìfo fẹ́ ẹ."

Akínfẹ́mi fi ọwọ́ bo ojú. Ó dìde. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó dúró níwájú Gbéminíyì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kí n lè tètè sọ ọ́, kí wọ́n lè fi baba yẹn sílẹ̀."

Gbéminíyì ti gbé fóònù sétí, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pa á, ó wo Ìyáàfin Títíloyè láti òkèèrè. "Baba á sùn sílé lónìí, Màmá. Ọ̀gá ti gbà. Ṣùgbọ́n eléyìí ní láti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lágọ̀ọ́, kí Màmá Fúnkẹ́ náà tó wá sọ ohun tó fẹ́ ká ṣe."

"Kò jìnnà," Akínfẹ́mi ní. "Mo lè fẹsẹ̀ rìn ín."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó, ó sì gbà. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ń wà á lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú.

Nínú pálọ̀, Fúnkẹ́ ti dìde, ó dúró sójú kan. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé lọ, kò sọ pé jókòó. Fúnkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Ó rí ọ̀kan, ó rí èkejì, ó sì jáde.

Láti ojú fèrèsé, Ìyáàfin Títíloyè rí i tó ń sáré díẹ̀ nínú ọyẹ́ títí ó fi bá ọkọ rẹ̀. Kò dì í lọ́wọ́ mú. Kò wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń dọ́gba, títí ojú kò fi tó wọn mọ́.